Láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ dé orí bẹ́ẹ̀dì: bí mo ṣe mú màámi wọ rélùwéè kiri ìlú kéékèèké ní Ítálì

Ọdún tí màámi pé 70 ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn ò fẹ́ pátì o, kí n má wulẹ̀ kówó fún oníkánópì, ohun tó wu àwọn ni káwọn tún jókòó sínú rélùwéè lẹ́ẹ̀kan sí i, káwọn máa wo oko àti odò lójú fèrèsé. Bàbá wọn ló máa ń mú wọn wọ ọkọ̀ ojú irin láti Òṣogbo lọ sí Ìbàdàn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá ń sọ ọ́ títí dòní ojú wọn á tàn, wọ́n á ní bí ọkọ̀ yẹn bá ti dúró báyìí, àwọn tó ń ta ọsàn àti ẹ̀pà á ti sáré débi fèrèsé, ìwọ náà á nawọ́ owó sí wọn nísàlẹ̀, wọ́n á na ọjà sí ẹ lókè.

Lọ́ńdọ̀nù lèmi ń gbé. Mo ti lọ Róòmù rí, mo ti lọ Florence, mo gbádùn ẹ̀, àmọ́ èrò ibẹ̀ pọ̀ ju ibi tí mo lè mú ìyá mi lọ, pàápàá torí orúnkún ọ̀tún wọn tó ti ń dà wọ́n láàmú láti bí ọdún mẹ́rin. Mo wá rò ó pé ìlú kéékèèké ló máa dáa, ibi téèyàn á ti rìn jẹ́jẹ́, á jókòó, á mu kọfí, tí ẹnikẹ́ni ò ní tì í. Ọkọ̀ ojú irin Ítálì sì dé ọ̀pọ̀ irú ìlú bẹ́ẹ̀, owó èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́ yẹn ò sì wọ́n.

Ètò tí mo kọ́kọ́ ṣe, ìlú mẹ́sàn-án ni láàárín ọjọ́ 12. Orvieto, Perugia, Assisi, Cortona, Arezzo, Siena, San Gimignano, Lucca, ká wá fi Cinque Terre, àwọn abúlé márùn-ún kan létí òkun, kádìí ẹ̀. Lórí máàpù gbogbo wọn súnmọ́ra, wákàtí kan síbí, wákàtí kan ààbọ̀ sọ́hùn-ún, mo ní kí ló tún kù.

San Gimignano ló kọ́kọ́ dá mi dúró, ìlú tó ní àwọn ilé gogoro olókùúta yẹn. Mo tẹ orúkọ ẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò jáde, mo tún un tẹ̀, kò jáde náà, àṣé kò ní téṣọ̀n rárá, Poggibonsi lèèyàn á ti sọ̀kalẹ̀ kó tó wá wọ bọ́ọ̀sì. Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó dáadáa tí mo ń wo ìlú kọ̀ọ̀kan bó ṣe rí gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú yìí, orí òkè làwọn tó tẹ̀ wọ́n dó kọ́ wọn sí nítorí ogun, bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe sá sábẹ́ Olúmọ. Nígbà tí rélùwéè wá dé láàárín ọ̀rúndún 19, ọkọ̀ ojú irin ò lè gun irú òkè bẹ́ẹ̀, àfonífojì ló ń tọ̀, ni wọ́n bá kọ́ téṣọ̀n sísàlẹ̀, wọ́n wá fún un lórúkọ ìlú tó wà lókè. Téṣọ̀n Assisi, Santa Maria degli Angeli ló wà, bọ́ọ̀sì ló ń gbéni gòkè. Ti Cortona wà ní Camucia. Ti Perugia náà wà nísàlẹ̀, wọ́n ṣe ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Minimetrò lọ́dún 2008 tó ń gbé èèyàn lọ sókè. Siena, àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra ẹ̀ ni wọ́n tò léra wọn láti ẹ̀gbẹ́ téṣọ̀n.

Mo wá rí i pé inú ọkọ̀ ò ní wàhálà kankan, inú ọkọ̀, ìjókòó ni. Ibi tí iṣẹ́ wà ni láti ibi tí ẹsẹ̀ màámi bá ti kan ilẹ̀ ní téṣọ̀n títí dé ibi tí wọ́n máa gbé ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ni ẹrù wà, ibẹ̀ ni àtẹ̀gùn wà, ibẹ̀ ni oòrùn àti òjò wà. Béèyàn bá sì sun ìlú mẹ́sàn-án, ìgbà mẹ́sàn-án lá gba ibẹ̀ wọlé, ìgbà mẹ́sàn-án lá gba ibẹ̀ jáde. Mo mú ìwé, ìlú kọ̀ọ̀kan lójú ewé tiẹ̀, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé líífìtì wà ní téṣọ̀n, àbí ọ̀nà abẹ́ irin tó jẹ́ àtẹ̀gùn nìkan, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi ń rìn dé òtẹ́ẹ̀lì, ṣé pẹrẹsẹ ni àbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yàrá wọn ńkọ́. Ẹ ṣọ́ra fún ti yàrá yẹn o. Tí wọ́n bá kọ piano terra, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n primo piano, òkè ni, tí ẹ bá sì rí senza ascensore, kò sí líífìtì níbẹ̀, ilé àtijọ́ sì ni púpọ̀ wọn, àtẹ̀gùn òkúta wọn ga, ó tún tẹ́ẹ́rẹ́.

Bí mo ṣe fagi lé ìlú mẹ́fà nìyẹn. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́, mo ti rí àwòrán Cinque Terre débi tí mo fi ń lá a. Ìlú mẹ́ta ló kù: Orvieto òru mẹ́ta, Arezzo òru mẹ́rin, Lucca òru márùn-ún. Orvieto, torí pé ọkọ̀ onírin tí okùn ń fà gun òkè wà lọ́ọ̀ọ́kán téṣọ̀n gan-an. Arezzo, torí pé téṣọ̀n ẹ̀ wà nínú ìlú, ọkọ̀ tó ń lọ sí Róòmù àti Florence ń dúró níbẹ̀. Lucca, torí pé ilẹ̀ ẹ̀ tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́.

Ọ̀rọ̀ físà náà, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ torí àwọn tó fẹ́ mú òbí wọn wá láti ilé. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni màámi ń lò, físà Schengen ni wọ́n nílò, 90 yúrò ni owó ẹ̀ fún àgbàlagbà láti oṣù kẹfà 2024, inṣọ́ránsì ìrìn-àjò gbọ́dọ̀ lè san tó 30,000 yúrò, wọ́n sì ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn-àjò títí di ó ku ọjọ́ 15, àmọ́ ẹ má dúró di ọjọ́ 15 láéláé. Òtẹ́ẹ̀lì tó ṣeé fagi lé láìsan nǹkan ni mo mú. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ńkọ́? Mi ò ra ìkankan. Ibi tí ọkọ̀ jẹ́jẹ́ ti ràn wá lọ́wọ́ gan-an nìyí. Àwọn ọkọ̀ tó ń sáré, Frecciarossa àti Italo, bí ọjọ́ ṣe ń súnmọ́ ni owó wọn ń gòkè, lèèyàn á ṣe máa sáré ra á sílẹ̀, tí físà ò bá wá jáde, èyí tí owó ẹ̀ kéré jù nínú tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, wọn ò ní dá owó ẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n Regionale, ìyẹn ọkọ̀ jẹ́jẹ́ yẹn, bí ibẹ̀ bá ṣe jìnnà tó ni wọ́n ń gbowó, iye tí ẹ máa san lóṣù kan ṣáájú lẹ máa san láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí nọ́ńbà ìjókòó, ibi tó bá wù yín lẹ máa jókòó. Nígbà tí físà pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, tí a sún ìrìn-àjò síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan, kọ́bọ̀ ò já bọ́ lọ́wọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

A pàdé ní Fiumicino, pápákọ̀ òfurufú Róòmù, lóṣù kẹwàá. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Leonardo Express gbé wa dé Termini, téṣọ̀n ńlá Róòmù, ní ìṣẹ́jú 32, 14 yúrò lẹ́nì kan, a wá wọ ọkọ̀ Orvieto níbẹ̀, wákàtí kan àti díẹ̀ ni. Mo fi màámi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí, ọwọ́ wọn wà lórí gíláàsì, wọ́n ń wo odò Tiber bó ṣe ń yọjú tó tún ń pamọ́, àgbàdo tí wọ́n ti kórè, àgùntàn, ilé pupa lórí òkè. Nígbà tó yá wọ́n kàn ní, "Bàbá mi ì bá wà níbí." Mo di ọwọ́ wọn mú, èmi náà ò sọ nǹkan.

Orvieto wà lórí àpáta ńlá kan, tí ẹ bá jáde ní téṣọ̀n, ẹ gbójú sókè lẹ máa rí i. Ọkọ̀ onírin yẹn fà wá gòkè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bọ́ọ̀sì kékeré sì wà lókè tó lọ títí dé iwájú Duomo, ìyẹn kàtídírà wọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1290. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ wo iwájú ẹ̀ o, ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí, oòrùn á bà lé àwọn òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wúrà tí wọ́n fi ya àwòrán sára ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á máa dán yanranyanran. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ jókòó síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n ṣe ètò àkọ́kọ́ yẹn ni, bí ìṣẹ́jú 20 la máa lò níbẹ̀ ká tó sáré lọ.

Kànga kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pozzo di San Patrizio. Póòpù Clement Keje ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ nígbà tó sá wá sí Orvieto lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun kó Róòmù lọ́dún 1527, torí kí ìlú má bàa kú lóùngbẹ tí ọ̀tá bá dó tì wọ́n. Àtẹ̀gùn 248 ni, màámi ò lè sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní kí n lọ, àwọn máa dúró. Mo sọ̀kalẹ̀, ọ̀nà méjì ni wọ́n gbẹ́ sára ògiri ẹ̀ yípo yípo, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí irun dídì, ìbaaka tó ń lọ pọn omi á gba ọ̀kan, á gba èkejì gòkè, wọn ò ní pàdé láéláé. Fèrèsé wà lára ògiri, èèyàn á rí ẹni tó wà lọ́nà kejì lọ́ọ̀ọ́kán, á juwọ́ sí i. Omi tútù wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ṣe afárá pákó lé e. Mo gòkè padà, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo ṣàlàyé ẹ̀ fún màámi pẹ̀lú ọwọ́, wọ́n ní kí n tún un ṣàlàyé, wọ́n wá ní ẹni tó ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde, ó ti pọnmi rí.

Àṣìṣe tó dùn mí jù, láti Arezzo ni mo ti ṣe é. Mo ní ká lọ Assisi lọ́jọ́ kan ká padà, èyí tí mo mú sì ní pípààrọ̀ ọkọ̀ lójú ọ̀nà, fóònù mi sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì, mo ní ó tó. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ pẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. A sọ̀kalẹ̀ ní téṣọ̀n kékeré kan, wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó pé binario, ìyẹn ojú irin tí a ti máa wọ ọkọ̀, wà lódìkejì, ọ̀nà abẹ́ irin nìkan ló débẹ̀, kò sí líífìtì. Màámi di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń dùn wọ́n ló ń kọ́kọ́ lọ, òsì á wá bá a, tí wọ́n bá ń gòkè, òsì ló ń ṣíwájú, dókítà ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, àtẹ̀gùn kan, ẹsẹ̀ méjì, àtẹ̀gùn kan, ẹsẹ̀ méjì. Èmi ń wo aago. Mo ń sọ pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ó ku ìṣẹ́jú méjì." Wọ́n dúró sáàárín àtẹ̀gùn, wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ṣé ogun ń lé wa ni?"

Nígbà tí a yọrí sókè, iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ la rí. Omi bọ́ lójú mi, kì í ṣe torí ọkọ̀, torí bí mo ṣe bá wọn sọ̀rọ̀ ni. Màámi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n tú báàgì wọn, wọ́n mú ẹ̀pà yíyan tí wọ́n gbé wá láti Òṣogbo jáde, wọ́n bù fún mi. Ìyá àgbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń dúró de ọkọ̀ tiwọn, màámi bu ẹ̀pà fún àwọn náà, wọ́n gbà á, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ìyá yẹn ń sọ èdè Ítálì, màámi ń sọ Yorùbá, wọ́n ń fọwọ́ kan orúnkún ara wọn, ọ̀rọ̀ orúnkún ni wọ́n ń sọ. Ó lé ní wákàtí kan kí ọkọ̀ mìíràn tó dé. Nígbà tí a dé téṣọ̀n Assisi, a ò gun òkè mọ́, a rìn jẹ́jẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria degli Angeli tó wà nísàlẹ̀, ilé àdúrà kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ Porziuncola, ti Francis Mímọ́ nígbà ayé ẹ̀, wọ́n wá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá bò ó mọ́lẹ̀. Màámi kúnlẹ̀ síbẹ̀, orúnkún òsì. Ó tó wa.

Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ tí kò ní pípààrọ̀ ni mo ń mú, tí pípààrọ̀ bá sì pọn dandan, mi ò ní gbà kó dín ní ìṣẹ́jú 30.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, kíákíá. Tó bá jẹ́ bébà ni ẹ rà fún Regionale, ẹ gbọ́dọ̀ fi í sẹ́nu ẹ̀rọ kékeré tó wà ní téṣọ̀n kó lù ú lóǹtẹ̀ kí ẹ tó wọlé, tí ẹ ò bá lù ú, bí ẹni tí ò ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ ṣe rí lójú wọn, wọ́n á gba owó ìtanràn. Tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ẹ fi bíírò kọ ọjọ́ àti aago sára ẹ̀, kí ẹ sì wá ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò fúnra yín. Tó bá jẹ́ orí fóònù, ẹ tẹ check-in kí ọkọ̀ tó gbéra. Pátákó tó ní àwọ̀ yẹ́lò ni ti àwọn ọkọ̀ tó ń lọ, Partenze, funfun ni ti àwọn tó ń bọ̀, Arrivi. Ìkìlọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ ní gbogbo téṣọ̀n, allontanarsi dalla linea gialla, ẹ sún sẹ́yìn kúrò níbi ìlà yẹ́lò. Màámi ti mọ̀ ọ́n sórí kí a tó kúrò ní Arezzo.

Àti ìkíni. Ẹ kí wọn o. Tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, buongiorno, tí ọ̀sán bá ti yẹ̀, buonasera, tí ẹ bá ń jáde ẹ tún kí wọn. Ní ìlú kékeré wọ́n ń fiyè sí i, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Màámi kì í fi ìkíni ṣeré, wọ́n á tẹ orí ba díẹ̀, ní Lucca, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, obìnrin tó ń ta kọfí ti máa ń fa àga síta fún wọn kí a tó débẹ̀.

Lucca ni ibi tí ara wa ti balẹ̀ jù. Odi ìlú wọn ṣì dúró digbí, kìlómítà mẹ́rin àti díẹ̀ ló fi yí ìlú po, àárín 1500 sí 1650 ni wọ́n mọ ọ́n, ó sì fẹ̀ débi pé wọ́n gbin igi sórí ẹ̀, àwọn èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ẹ̀, wọ́n ń ti ọmọ kiri nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ogun ò fi bẹ́ẹ̀ dán an wò rí, omi ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀, lọ́dún 1812 tí odò Serchio kún ya wọ ìlú, wọ́n ti ilẹ̀kùn odi pa, omi dúró síta. Ọ̀nà tó gun odi yẹn kò le, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, kì í ṣe àtẹ̀gùn. Àràárọ̀ la ń lọ síbẹ̀, bẹ́ǹṣì wà káàkiri, màámi á rìn láti bẹ́ǹṣì kan dé èkejì, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún dìde. Ọjọ́ kẹrin la yí i po tán tí a bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Oúnjẹ ń kọ́? Ilé oúnjẹ púpọ̀ ló ń ti ilé ìdáná lẹ́yìn aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán títí di bí aago méje ààbọ̀ alẹ́, ẹni tó ń lo oògùn tó gbọ́dọ̀ jẹun sí, ẹ fi nǹkan sínú báàgì. Àmọ́ ní Tuscany, agbègbè tí Lucca wà, ẹ̀wà ò ní wọ́n yín, wọ́n ń jẹ ẹ́ débi pé àwọn ará Ítálì yòókù ń pè wọ́n ní mangiafagioli, ìyẹn ajẹ̀wà. A rí nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní cecina, ìyẹ̀fun ẹ̀wà ceci, èyí tí Òyìnbó ń pè ní chickpea, ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á pò ó mọ́ omi, òróró àti iyọ̀, wọ́n á dà á sínú páànù fẹ̀ǹfẹ̀ kan, wọ́n á tì í sínú iná igi. Ó dé lórí bébà, etí ẹ̀ ti gbẹ, àárín ẹ̀ rọ̀, wọ́n bu ata dúdú lé e lórí. Màámi gé e, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Àkàrà ni, àlùbọ́sà ni wọn ò fi sí i." Wọ́n mú ata gígún jáde látinú báàgì, wọ́n bù ú lé e, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ojoojúmọ́ la rà á títí a fi kúrò.

Ọjọ́ kẹta wa ní Lucca ni wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, sciopero ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa, Friday ló sábà máa ń bọ́ sí, wọ́n máa ń kéde ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Lọ́jọ́ iṣẹ́, òfin ní kí àwọn ọkọ̀ kan ṣì máa ṣiṣẹ́ láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀ àti mẹ́fà sí mẹ́sàn-án alẹ́. Mo rí àwọn tó jókòó sórí àpótí wọn níwájú téṣọ̀n, wọ́n ń pe òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Nínú ètò àkọ́kọ́ mi, ọjọ́ yẹn là bá máa lọ láti Siena sí San Gimignano. Màámi ṣì ń sùn nígbà tí mo padà dé pẹ̀lú búrẹ́dì.

Wọ́n ti padà sí Òṣogbo báyìí. Wọ́n ń pè mí lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé rélùwéè wọn ń gba etí òkun kọjá nísàlẹ̀ Ítálì lọ́hùn-ún, ṣé òótọ́ ni. Òótọ́ ni, láti Bari lọ sí Lecce, ó ń dúró ní Polignano a Mare, ó ń dúró ní Monopoli, ó ń dúró ní Ostuni. Mo ti yọ Ostuni kúrò, orí òkè ni, téṣọ̀n ẹ̀ sì jìnnà sí ìlú. Mo ti rí ilé kan ní Monopoli, piano terra, kò jìnnà sí téṣọ̀n, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Mo ti kọ̀wé sí onílé láàárọ̀ yìí pé kó jọ̀ọ́ kó ya àwòrán ẹnu ọ̀nà fún mi, kí n mọ̀ bóyá àtẹ̀gùn wà níbẹ̀.